Ọkàn tí mo jèrè ní Kétu

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹgbẹ̀rún ọkàn ni mo jèrè fún Jésù lónìí ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì kó wa wá!

Pásítọ̀ ti kìlọ̀: ẹni tí kò bá kọ orúkọ ẹni tó jèrè sí fọ́ọ̀mù kò ní jẹ ìrẹsì.

Mo bá ìyá àgbà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Mo dúró ṣánṣán: "Bọnjúù, màdáàmù!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ Faransé yẹn.

Màmá fi Yorùbá dá mi lóhùn: "Ṣé ẹ kì í dọ̀bálẹ̀ nílé yín ni? Ìwọ yìí, ṣé o tiẹ̀ ti di àtúnbí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n wàásù fún mi títí mo fi gbà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí.

Ẹ ṣáà dá ẹjọ́ yìí fún mi, ṣé mo jí ìrẹsì jẹ ni? Irọ́ ni ẹgbẹ̀rún yẹn. Ọkàn kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù mi, èmi náà sì ni.