Ibi Tí Mo Fojú Fò Lórí Òrùlé Káráfáànì

Nígbà tí ọkọ mi fi iṣẹ́ sílẹ̀, oorun ló kọ́kọ́ sọnù nínú ilé wa. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń wa tírélà láti Dagenham Dock lọ sí Scotland, lọ sí Wales, lọ sí àwọn ìlú tí mi ò tiẹ̀ lè pe orúkọ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń sùn sẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀, lórí ibùsùn tóóró kan báyìí, èmi nìkan a sì ni gbogbo bẹ́ẹ̀dì ilé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwa náà yóò jọ máa sùn, tí a ó jọ máa jí, bíi tọkọtaya yòókù.

Ọjọ́ náà dé, kò sì rí bí mo ṣe rò ó. Ọkọ mi ò lè fìdí kalẹ̀. Yóò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò lọ wò ó bóyá òun ti tìlẹ̀kùn, yóò ṣí fìríìjì, kò ní mú nǹkan kan níbẹ̀, yóò tì í padà. Kí n tó wẹ̀ tán láàárọ̀, ó ti wọ bàtà, ó ti ń fi orúnkún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún yí Parsloes Park, pápá ńlá àdúgbò wa, ká. Dókítà ló ní kó máa rìn, àmọ́ mi ò rò pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni dókítà ní lọ́kàn. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ìwé, tí mo gbọ́dọ̀ ti wà nídìí ìkòkò kí àwọn ọmọ tó dé, mo wá dà bí ìyá ọmọ tuntun. Ojú mi pọ́n. Gbogbo ènìyàn ni mo ń kanra mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo ti ibi iṣẹ́ dé tí mo bá káráfáànì lójú ilé wa, àwọn ilé kékeré onítáyà yẹn tí àwọn òyìnbó máa ń fi mọ́tò fà lọ sí ìsinmi. Ó ti gbó. Funfun rẹ̀ ti di pupa ràkọ̀ràkọ̀ létí fèrèsé. Ilé tiwa ló wà ní igun òpópónà, ibẹ̀ ló fi rí àyè há a sí.

"Dádì, ta ló ni èyí?"

"Àwa ni."

"Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"A ó máa gbé e kiri ni. Màá mú ọ dé gbogbo ibi tí mo ti sùn rí. Àwọn òkè Wales yẹn, tí o bá rí wọn, Mọ́mì!"

Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo gbá inú rẹ̀, mo nù ún, mo ta kọ́tìnì tuntun sí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo se ìrẹsì, mo gbé ti ọkọ mi lọ bá a níbẹ̀. Mo bá a lórí bẹ́ńṣì inú káráfáànì náà tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń hanrun. Ó ń hanrun dé inú ọ̀fun. Láti ọjọ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, n kò tíì gbọ́ ìhanrun yẹn nínú yàrá wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dúró tàwo-tàwo lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó jí, mo bi í:

"Ṣé èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹ máa sùn nínú ilé ni?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo wá ni?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́." Ó gba àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ìrọ̀rí rẹ̀ jáde ní gbangba. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń gbé ní òpópónà kejì, bi mí lẹ́yìn ìsìn bóyá a gba àlejò, pé òun rí bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú káráfáànì wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a gba àlejò. Nínú sùtánà funfun ni mo ti pa irọ́ yẹn.

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tú àṣírí òrùlé. Omi ń kán láti àárín àjà, ó sì ń ṣàn lára ògiri lọ sórí fóòmù. Gbogbo inú rẹ̀ ń rùn bí búrẹ́dì tó ti bu. Ọkọ mi lọ ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí òrùlé, èyí tó máa ń wà nínú ike gígùn, ike méjì, àti téèpù fífẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé àkàbà ti káráfáànì. Ó gun ìṣísẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó tún gùn ún. Mo di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni màá gùn ún."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Ta ló tún wà níbí?"

Bí mo ṣe di kàfíńtà nìyẹn, ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Mo fi pátákó gígùn kan dábùú òrùlé kí ẹsẹ̀ mi má baà já a lu, mo sì kúnlẹ̀ lé e. Òun wà nísàlẹ̀, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ó ń pàṣẹ. Kí n kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó ti le bí òkúta. Kí n fọ ojú ibẹ̀. Kí n fi sípírítì nù ún. Kí n jẹ́ kó gbẹ, torí gọ́ọ̀mù kì í mú ohun tó bá tutù. Nígbà náà ni kí n wá tẹ̀ ẹ́ jáde tẹ̀léra tẹ̀léra lórí ojú oríkèé páànù, kí n sì fi téèpù bò ó.

"Má kánjú!"

"Dádì, ẹ dúró lójú kan, òòyì ń kọ́ mi!"

Mo ṣiṣẹ́ náà dáadáa títí mo fi dé fèrèsé kékeré tó wà lórí òrùlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ní igun tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò lè rí, ike rẹ̀ ti là. Ibi tó là náà ò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo fi ọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà wọlé. Gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí káráfáànì yìí bá gbẹ, ọkọ mi ò ní padà sínú ilé mọ́.

"Ṣé o ti dé ẹ̀yìn fèrèsé yẹn?"

"Mo ti débẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀.

Òjò tún rọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wà ní ìdáná ilé ìwé, mo ń gbọ́ ọ lórí òrùlé, mi ò sì lè fọkàn sí nǹkan kan. Mo bu iyọ̀ sí ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wa ní kí n lọ jókòó. Ìjókòó gan-an ni mi ò lè ṣe. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbé mi dé òpópónà wa, mi ò kọ́kọ́ wọ ilé. Mo lọ tààrà síbi káráfáànì.

Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó fi abọ́ tí mo fi ń fọ ẹ̀wà sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, omi ń kán sí i. Èjìká rẹ̀ kan ti rin gbindin.

"Kú iṣẹ́," ló kọ́kọ́ sọ. Ó wá ní, "Má jẹ́ kó dùn ọ́ o. Iṣẹ́ tìrẹ dára, mo wò ó. Gọ́ọ̀mù yẹn ni ayédèrú. Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó rà á. Màá dá a padà fún wọn lọ́la."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo pe ibi iṣẹ́ pé ara mi ò yá. Bí ọkọ mi ṣe lọ dá ike gọ́ọ̀mù kejì padà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, mo gbé àkàbà, mo mú gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù sínú ike tí a ti ṣí, mo gun òrùlé lọ. Mo ṣì ń ha ibi tó là náà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mọ́mì! Ta ló bá ọ di àkàbà mú?"

"Kò sẹ́ni tó dì í mú."

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di etí fèrèsé mú. Mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́ lórí òrùlé yẹn, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

"Gọ́ọ̀mù yín ò níṣòro, Dádì. Mo rí ibi tó ń jò lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi í sílẹ̀."

Bọ́ọ̀sì kan kọjá, káráfáànì gbọ̀n lábẹ́ mi.

"O mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀?"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ kì í hanrun nínú ilé mọ́. Ibí ni ẹ ti ń hanrun. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ó di àkàbà mú, ó gbójú sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti dúró jẹ́ẹ́ jù," ló wí. "Nínú tírélà, ọkọ̀ ńlá á máa kọjá lára rẹ, gbogbo rẹ̀ á máa mì. Ara mi ti mọ̀ ọ́n. Nínú ilé, bí mo bá dùbúlẹ̀, àfi bíi pé mo ti kú. Níbí, bọ́ọ̀sì ń mì mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Pé ilé tí ìwọ nìkan ń tọ́jú láti gbogbo ọdún yìí wá ò jẹ́ kí n sùn?"

Mo fẹ́ sọkún, afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi sípírítì lé mi lọ́wọ́. "Nù ún dáadáa," ló wí, ohùn rẹ̀ ṣì le. "Jẹ́ kó gbẹ kí o tó fi gọ́ọ̀mù sí i." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ ju "Ṣé oúnjẹ ti jinná?" lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí n wá wo àjà, pé òjò àárọ̀ ò wọlé. Lóòótọ́, ibẹ̀ gbẹ táútáú.

Mo ti gbìyànjú láti sùn níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá ló ń jí mi. Òun ń hanrun ní tiẹ̀, mo sì dìde lọ rìn yí Parsloes Park ká lẹ́ẹ̀mejì. Báyìí, ó máa ń sùn nínú ilé ní alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Mi ò bi í léèrè àwọn alẹ́ yòókù.

Ó ní bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, Wales ni a ń lọ. Mo ti di ẹrù mi lẹ́ẹ̀mejì, bí mo bá sì ti rántí bẹ́ńṣì tí mi ò lè sùn lórí rẹ̀ yẹn, màá tún tú u.