Hándù Tó Wà Lọ́wọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Gìrì-gìrì, kọ̀ọ̀. Bí ẹ̀rọ kékeré wa ṣe máa ń dún nìyẹn lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nínú ilé tí a kọ́kọ́ gbé ní Ajah. Gìrì-gìrì tí wọ́n bá ń yí hándù rẹ̀, kọ̀ọ̀ tí bébà bá gba àárín rẹ̀ kọjá. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ohun tó jọ ọ́ níbikíbi, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà, inú mi máa ń dùn kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ bébà ni mò ń ṣe nígbà náà, òun náà ni mo ṣì ń ṣe: káàdì ìkíni, àpótí kéékèèké tí wọ́n ń kó súwíìtì sí níbi ìsọmọlórúkọ, òdòdó bébà, orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí tí wọ́n ń gún sórí kéèkì. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé wọn kò tóbi, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ ó fi irin pẹlẹbẹ kan tí ojú rẹ̀ mú, tó ní àwòrán labalábá tàbí òdòdó, lé bébà lórí, ẹ ó fi pátákó rọ́bà méjì há wọn láàárín, ẹ ó tì wọ́n sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ ó sì yí hándù. Labalábá ni yóò jáde lódì kejì. Àmọ́ ẹnu ẹ̀rọ náà kò fẹ̀. Ohunkóhun tó bá tóbi díẹ̀, àfi kí n gé e ní ìdajì méjì, kí n wá fi gọ́ọ̀mù so wọ́n pọ̀. Ojú ibi tí mo ti so ó yẹn máa ń bí mi nínú. Mo máa ń fi ríbọ́ọ̀nù bò ó, màá sì sọ fún oníbàárà pé ọnà ni.

Ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé lẹ́yìn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n nílùú wọn, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, sùtánà ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn rán fún àwọn ará ìjọ, lórí màṣíìnì àtijọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà, ẹsẹ̀ wọn náà padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣe tán láti padà. Èmi ni mò ń bá wọn gé ẹran, èmi ni mò ń bá wọn wé gèlè. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá" ni, "Ara á yá o, Màmá" ni. Wọ́n á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí gbogbo nǹkan, títí tí ojú fi ń tì mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti bébà sẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì sáré lọ yọ ìkòkò kúrò lórí iná. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gìrì-gìrì. Nígbà tí mo padà dé, ìyá ti fi ọwọ́ ọ̀tún di hándù mú, wọ́n fi tòsì gbé e lẹ́sẹ̀, wọ́n ń yí i.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀!"

Wọn kò tiẹ̀ wojú mi. "Jẹ́ kó kọjá ná."

Ó kọjá. Labalábá bọ́ sílẹ̀ lódì kejì, ìyá sì mú un, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń yẹ ojú abẹ́rẹ́ wò. Láti ọjọ́ náà ni hándù ti di tiwọn. Èmi á to bébà, màá tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn á yí i. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kan wà tí wọ́n fún wọn nílé ìwòsàn pé kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́. Ó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sẹ́ni tó wá a mọ́.

Ilé kan wà tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Àwọn bíríkìlà ibẹ̀, tó jẹ́ pé láti Ọ̀ṣun àti Èkìtì ni wọ́n ti wá, máa ń gba iwájú fèrèsé wa kọjá lọ pọn omi. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá," ni àwọn náà máa ń kí ìyá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ bá wọn nídìí hándù, wọ́n pariwo pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá!" Ìyá dáwọ́ dúró. "Ẹ̀yin náà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ohùn tí wọ́n fi dáhùn lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbójú sókè. Mo gbọ́ ọ, mi ò sì ro nǹkan kan sí i.

Nígbà tí ayẹyẹ ìkórè ń sún mọ́lé, ẹ̀ka ìjọ ìyá tó wà ládùúgbò wa ní kí n gé ìyẹ́ áńgẹ́lì fún àwọn ọmọdé tó máa kọrin. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Ìyẹ́ tó fẹ̀ tó ẹ̀yìn ọmọdé, ìdajì mélòó ni màá so pọ̀? Àárín ìrònú yìí ni mo wà tí àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó ń gbé ní Lekki, fi yà wá kí wa. Ó bá ìyá níbi tí wọ́n ti ń yí hándù, èmi sì mú kọ́ọ̀pù tíì dání. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìgbádùn o. Ṣé Màmá lẹ wá sọ di lébírà?"

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kí ìyàwó jókòó máa mu tíì, kí ìyá ọkọ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́, ta ni màá ṣàlàyé ẹ̀ fún tó máa yé? Mo pinnu lójú ẹsẹ̀: ẹ̀rọ ńlá ni màá rà, èyí tó ń lo iná. Ìyẹ́ á jáde lódindi, ìyá á sinmi, àwọn èèyàn á sì panu mọ́. Mo rò pé mo gbọ́n gan-an ni.

Ọjọ́ tí a lọ wò ó ní Lekki, láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti lọ gbé ìyá. Wọ́n wọ sùtánà, wọn kò sì wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìjọ wọn. Táìsì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà tutù, ìyá wá ń gbé ẹsẹ̀ wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó tẹ omi. Ẹ̀rọ náà funfun, ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ìyá yí i po, wọ́n fọwọ́ pa á lára lọ́tùn-ún, wọ́n pa á lára lósì.

"Ibo ni wọ́n ti ń yí i?"

"Wọn kì í yí i, Mọ̀mí," ni ọmọbìnrin tó ń tajà dáhùn. "Ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì yìí, finish! Stress ti tán."

Ó ti bébà àti irin ìyẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ náà, ìyá sì fi ìka ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì. Ìyẹ́ kan rọra jáde lódindi, kò sí ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Díẹ̀ ló kù kí n fò sókè.

"Màmá, ẹ ò rí i bí?"

"Mo rí i. Ó dára púpọ̀."

Ọmọbìnrin náà gbà láti bá mi tọ́jú ẹ̀rọ náà títí di ìparí ọ̀sẹ̀ tí màá wá san owó rẹ̀. Bí a ṣe délé ni mo di ẹ̀rọ kékeré sínú páálí, kí ìsinmi ìyá lè bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo tiẹ̀ wá tìmùtìmù fi sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn bíríkìlà ń kọjá lọ pọn omi. Wọ́n wojú fèrèsé, wọ́n rí ìyá tó jókòó, ọwọ́ wọn wà lórí itan.

"Ẹ kú ìjókòó o, Màmá."

"Òo," ni ìyá sọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo wọ yàrá wọn, tí mo bá wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì nìkan ká sùtánà sínú báàgì tí wọ́n gbé wá látilé.

"Màmá, ibo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ padà sílé, ìyàwó mi. O ti tọ́jú mi tó."

Ẹ̀rù bà mí. Mo kúnlẹ̀. "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, mà?"

"O ò ṣẹ̀ mí rárá." Wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. "Látìgbà tí ọwọ́ yìí ti kú, gbogbo ayé ló ń kí mi pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mò ń ránṣọ, ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń kí mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn kí mi bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé rẹ, ara mi yá. O máa ń ti bébà sẹ́nu ẹ̀rọ, wàá wá dúró dè mí. Ẹ̀rọ tuntun yẹn, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Rà á, iṣẹ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n lọ jókòó sílé ara mi."

Èmi tí mò ń gé ìkíni tà! Èmi tí mo máa ń gé "ẹ kú oríire" àti "ẹ kú ewu ọmọ" láti Ọjọ́ Ajé dé Sátidé, ìkíni ń kọjá lójú fèrèsé mi, mi ò sì kọbi ara sí i. Mo dìde, mo lọ tú páálí tí mo di ẹ̀rọ kékeré sí.

"Màmá, ìyẹ́ áńgẹ́lì pọ̀ nílẹ̀. Mi ò lè dá a ṣe."

Wọ́n wò mí dáadáa, láti mọ̀ bóyá àánú wọn ló ń ṣe mí. Kì í ṣe àánú. Ìkórè ti wọlé dé, mi ò sì tíì gé ju ẹyọ kan lọ.

"Ṣé o ti to bébà?" ni wọ́n bi mí, wọ́n sì ti báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo pe ọmọbìnrin tó ń tajà pé kó ta ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi tún yà, tó sì tún lanu láti sọ̀rọ̀, ìyá ló dá a lóhùn: "Jókòó, kí ìwọ náà máa bá wa lẹ ìyẹ́." Ó lẹ ìyẹ́ títí gọ́ọ̀mù fi fa èékánná àtọwọ́dá rẹ̀ kan yọ, ó sì gbádùn ara rẹ̀ ju àwa méjèèjì lọ. Gígé ní ìdajì ni a gé gbogbo wọn. Ìyá ní kí n má fi ríbọ́ọ̀nù bo ojú ibi tí a ti so wọ́n, wọ́n fún mi ní àjákù aṣọ sùtánà, a sì fi ìyẹn bò ó. Lọ́jọ́ ìkórè, bí àwọn ọmọdé ṣe ń jó wọlé ni àwọn ará ìjọ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí ìyá: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Mo sunkún níbẹ̀, mo sì ṣe bí ẹni pé èéfín tùràrí ló wọ̀ mí lójú.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ náà ń jí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá jáde látinú yàrá pẹ̀lú gèlè tí wọ́n fọwọ́ ara wọn wé. Ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan gan-an ni. Mi ò tún un ṣe. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé, "Ó tó àsìkò kí o ra èyí tó tóbi. Èmi náà fẹ́ lọ wo màṣíìnì mi." Báàgì yẹn náà ni wọ́n gbé lọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo bá wọn dì í, ẹ̀rín la sì ń rín.

Ẹ̀rọ ńlá ti wà níwájú mi báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo gbà lọ́nà Lakowe. Ó ń gé ìyẹ́ lódindi, mo sì ń dúpẹ́ fún un, nítorí iṣẹ́ ti pọ̀. Ẹ̀rọ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo sí hándù rẹ̀ ni. Ìkórè tún ti dé. Gbogbo ìyẹ́ ọdún yìí ni mo ti gé tán, àfi ti ọmọ kan ṣoṣo, tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ìyá pè mí lẹ́ẹ̀kan pé ọkọ̀ wọn ti kọjá Ẹ̀pẹ́. Mo ti ti bébà sẹ́nu ẹ̀rọ, mo jókòó tì í, mò ń dúró dè wọ́n.