Omi Àlùwàlá Lẹ́yìn Yàrá Rádíò

Títí di òní, inú mi ò tíì rọ̀, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí jù. Ẹnu mi ni mo fi ba iṣẹ́ bàbá kan jẹ́ ní Titirou, ní ìlú Parakou, nítorí omi àlùwàlá.

Bàbá náà ló ń ṣọ́ ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ń tún ẹ̀rọ rádíò ṣe, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun. Ẹ̀yìn yàrá ẹ̀rọ ló ti máa ń ṣe àlùwàlá. Mo rí i tí ilẹ̀ ibẹ̀ rin gbingbin, mo fara ya. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwòsàn pé kí ó tètè wá nǹkan ṣe kí omi tó pàdé iná ńlá. Ọ̀gá ò bá bàbá wí, kò kìlọ̀ fún un. Lílé ló lé e, ó sì fi kárò, táìlì dídán, bo ilẹ̀ yẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ Parakou dé, ẹ̀rọ daṣẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ pé kó ya àwòrán, á kàn kú pìì. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, iná á ta á lọ́wọ́. Mo pa iná, mo dúró kí agbára tó kù nínú rẹ̀ tán, mo tú u. Mo yẹ wáyà ńlá wò láti òkè dé ìdí, mo yẹ òróró inú àpótí iná wò, mo pààrọ̀ gbogbo ohun tí mo fura sí. Ọjọ́ mẹ́ta! Àwọn aláìsàn tọ́wọ́ wọn wú jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo olè. Mo bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, mo bú ẹni tó tà á, mo bú eruku.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rántí irin ilẹ̀, irin tí a máa ń rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá ṣìnà lè gba ibẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó bá gbẹ kì í gba iná dáadáa. Abẹ́ kárò ni mo ti bá a, níbi tí bàbá ti máa ń da omi àlùwàlá inú búta rẹ̀ sí gẹ́lẹ́. Mo fọ́ kárò, mo da omi korobá mẹ́ta síbẹ̀, mo tan ẹ̀rọ. Ó ya àwòrán.

Òmùgọ̀ ni mí! Bí ilẹ̀ ṣe ń gba iná sí ló yẹ kí n kọ́kọ́ wọ̀n.

Mo já wọlé tọ ọ̀gá lọ. "Ṣẹ́fù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe bàbá yẹn padà. Èmi ni mo ṣàṣìṣe, omi rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́."

"Gadíẹ̀nì tuntun ti ń ṣọ́ ibí. Sọ fún un kó máa da omi síbẹ̀ láràárọ̀. Ó parí."

Mo bá a jà débi pé àwọn nọ́ọ̀sì yọjú. Kò yí ohùn padà.

Mo wá bàbá lọ sí àdúgbò Ladjifarani. Ẹ̀súnsì, epo ọkọ̀ inú ìgò, ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe, mo sì sọ pé wọn ò ní gbà á padà.

Ó fà mí dìde. "Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ó ti ń ṣiṣẹ́, bàbá."

"Alihamdulilahi. Àwọn aláìsàn yẹn ti jìyà jù."

Inú túbọ̀ bí mi. Kí ló dé tí kò bú mi?