Ihò Ọ́ìlì Tí N Kò Wò

Mo rántí ìgbà tí ọkọ̀ mi ń dún kó-kó-kó bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láìsinmi. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ilé dé ilé ni mo sì ń fi ọkọ̀ náà ṣe. Mẹkáníìkì kan ní Woolwich tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó ní kí n lọ jù ú nù. Baba ará Ìbàdàn kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Daddy, ló ní rárá. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún ọkọ̀ ṣe nílé lọ́hùn-ún kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mú un wá sí ìlú òyìnbó. Ó ní bẹ́árìn kámṣáàfù ló ti jẹ, ìyẹn àwọn òrùka irin tí ọ̀pá gígùn kan ń yí nínú wọn lórí ẹ́ńjìnì.

"Èmi àti ìwọ la máa pààrọ̀ ẹ̀," ó ní. "Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ojú ni kò sí."

Òótọ́ ni. Kùrukùru funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀kan, ó sì ti ń retí ọjọ́ náà láti oṣù mẹ́sàn-án. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé ọkọ̀ mi ni yóò gbé òun lọ.

Ní Sátidé, Daddy ní "Bísímílàhì" nínú gáráàjì abẹ́ ilé wa, a sì gbé orí ẹ́ńjìnì sórí tábìlì. Bẹ́árìn mẹ́ta ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò kékeré tó gbọ́dọ̀ dojú kọ ihò tí ọ́ìlì ń gbà wọlé. Bí wọn kò bá pàdé, irin á máa ha irin, ẹ́ńjìnì á sì gan pa lójú títì. Bí mo ti ń gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé ni Daddy ń bi mí pé, "Ṣé ihò ń wo ihò?"

Mo tan tọ́ọ̀ṣì wo àkọ́kọ́ àti ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, tọ́ọ̀ṣì ti yí sábẹ́ ọkọ̀, òtútù sì ti mú mi níka.

"Mo ti ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀, Daddy."

N kò ṣẹ́ẹ̀kì nǹkan kan. A ti ọ̀pá kámṣáàfù wọlé, ó bo gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnì ń dún wẹ́rẹ́, Daddy gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń wo ara mi bí ọ̀gá mẹkáníìkì.

Ní Sọ́ńdè, mò ń rí ọkọ̀ náà lọ́kàn mi tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ Plumstead Common, tí baba tí kò ríran jókòó sínú rẹ̀, tí aago ń lọ. Lẹ́yìn ìrun àílà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Daddy, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa fún yín lánàá. Mi ò wo bẹ́árìn kẹta."

Ó fọwọ́ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbé sípánà."

A tún tú gbogbo rẹ̀. Ihò bẹ́árìn kẹta dojú kọ ihò ọ́ìlì gan-an bó ṣe yẹ! Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ jọ. Daddy kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá inú ihò ìkejì.

"Èyí ò kọjá," ó ní.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó ti yẹ̀ kúrò nípò, ihò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán. Bẹ́ẹ̀, mo ti fi ojú ara mi wò ó.

"Ojú olójú kò jọ ojú ẹni," Daddy sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ojú ẹni náà máa ń tan ni jẹ."

A tún un tò. Ní Mọ́ńdè, mo wakọ̀ kọjá níwájú bárékè àwọn sójà, etí mi wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì, òógùn ń bọ́ lára mi. Daddy ń fa tẹ̀síbáà rẹ̀. A dé ọsibítù lásìkò. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lójú rẹ̀, ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìyí? Mo rò pé o ga jù báyìí lọ."

Baba náà ti lọ sinmi, èmi gan-an sì ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní Mummy. Irọ́ tí mo pa kò ba nǹkan kan jẹ́ lára ọkọ̀ náà. Bẹ́árìn kejì, tí mo lè fi Kùránì búra pé mo wò dáadáa, ni ì bá dá wa dúró lọ́nà. Mo sì máa ń rò ó pé, ká ní ojú tì mí láti lọ kúnlẹ̀ ní Sọ́ńdè yẹn ni, a kì bá tí mọ̀.