Ìràwọ̀ Tí Gaylen Kùn Sórí Abà

Ardith Vondra kì í kun ọ̀dà pupa. Bí o bá gbé páànù ògbólógbòó lọ bá a pé kó fi ṣe àsíá Amẹ́ríkà tí o máa kàn mọ́ ọgbà rẹ, tí o wá béèrè irú ọ̀dà tó máa fi kun ilà pupa rẹ̀, yóò wò ọ́ látòkè délẹ̀ bí ẹni tó béèrè bóyá iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí tíì. Ìpẹtà ni pupa tirẹ̀. Ibi tí páànù bá ti dípẹtà jù ni ó ń gé fún ilà pupa, ibi tó bá ṣì ń dán díẹ̀ ni funfun, ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ṣá ló sì fi ń ṣe igun tí ìràwọ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá ń wá èyí tó ń dán gbinrin, ilé ìtajà wà nílùú ńlá, kó gba ibẹ̀ lọ.

Gbogbo oko tí odò Loup gbà kọjá ní Nebraska ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí abà ìdílé kan bá wó, yálà ìjì ló bì í tàbí ogbó ló pa á, àwọn tó ni ín á ṣa páànù díẹ̀ nínú òrùlé rẹ̀ wá fún Ardith, òun náà á sì fi ṣe àsíá fún wọn, kí abà bàbá wọn lè máa wo títì lọ. Òfin kan péré ló ní. Kì í gba páànù abà tó ṣì dúró.

“Bó bá ṣì wà lókè, òrùlé ni,” ló máa ń wí. “Kò tíì di tèmi.”

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní òfin yìí, ọ̀rọ̀ Gaylen ló sì fà á. Gaylen ni àkọ́bí wọn, Ardith ṣìkejì, Leland ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba pe Gaylen sí ogun Vietnam, ọ̀sẹ̀ tó máa lọ gan-an ló gbé ọ̀dà funfun gun orí abà. Ardith gbé agolo ọ̀dà, Leland, ọmọ kékeré nígbà náà, fi gbogbo agbára rẹ̀ di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Gaylen kun ìràwọ̀ kan sórí páànù kan ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì. Ìràwọ̀ ọ̀hún kò ju àwo ìgbóúnjẹ lọ, bàbá wọn sì ń rẹ́rìn-ín pé gbogbo wàhálà àkàbà yẹn, nítorí nǹkan tó tó ojú ẹyẹ.

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín,” Gaylen wí. “Ọjọ́ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun ni màá kọ́kọ́ rí, màá ti mọ̀ pé mo délé.”

Inú pósí ló bá délé. Ọkọ̀ tó gbé e gba iwájú abà kọjá. Ardith dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ìràwọ̀ náà, inú ń bí i sí i bí ẹni pé ìràwọ̀ ọ̀hún ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bàbá wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan páànù náà láti ọjọ́ yẹn. Kó tó kú, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní Leland tó ń dáko ló ni abà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí abà bá kúrò nílẹ̀, Ardith ló ni páànù oníràwọ̀, kó fi ṣe àsíá sórí ibojì Gaylen. Leland bọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, níwájú bàbá wọn.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun ní ìparí oṣù Karùn-ún, àwọn méjèèjì á jọ lọ sí itẹ́ òkú. Leland á kúnlẹ̀, á di ọ̀pá irin mú, Ardith á fi hámà gbá a wọlẹ̀. Àsíá kékeré tó fi irin àjákù ẹ̀rọ ìkórè ṣe ló máa ń wà lórí ọ̀pá náà. Ardith kò jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun dì í mú rí. Ó ní ọwọ́ Leland kì í gbọ̀n. Lọ́dọọdún ló sì ń bẹ Gaylen pé kó fara mọ́ èyí ná, ojúlówó ń bọ̀.

Nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìbàdí Ardith ní Lincoln, ó sì dúró lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ níbẹ̀ títí yìnyín fi yọ́. Nígbà tó padà sílé rẹ̀ nígboro, kò tíì lè wakọ̀. Leland ló kọ́kọ́ wá kí i. Ó gbé kolache, àkàrà òyìnbó eléso tí ìyàwó rẹ̀ yan, dání, páànù bíi mélòó kan sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

“Sísì, o ti ń rìn bí ẹṣin eré ìje.”

“Ẹṣin tí wọ́n fẹ́ lọ pa ni. Páànù ta nìyẹn?”

“Ti Tichy. Ilé tó ń kó katakata sí ló wó. Bá mi fi ṣe àsíá sí géètì tuntun tí mo ṣe.”

“Tichy tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa? Ahun yẹn fún ẹ ní nǹkan?”

“Ó ti ń darúgbó, Sísì. Ọkàn ẹ̀ ti ń rọ̀.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Leland kó àwọn páànù náà sórí tábìlì fúnra rẹ̀, ó kọ ojú tó dípẹtà sókè, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

“Abà wa ńkọ́?” Ardith béèrè. “Ṣé yìnyín ò wó o?”

“Ibi tó wà náà ló wà,” Leland wí, ó sì gbé kọfí sẹ́nu.

Ọ̀kan nínú páànù náà wu Ardith ju ìyókù lọ. Ó pupa dáadáa, irú pupa tí ooru ìtọ̀ màlúù máa ń ṣe sí inú òrùlé. Ó tilẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bí ìtọ̀ màlúù ṣe dé ilé katakata. Àmọ́ ta ni yóò máa fura sí ọmọ ìyá rẹ̀? Ó ní bóyá Tichy ti sin màlúù níbẹ̀ rí. Ó gbé àlùmágàjí páànù, ó gé e sí ilà-ilà, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ahọ́n.

Ẹ̀yìn páànù ló máa ń fi parí iṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló fi ń ha á kó tó kàn án mọ́ pákó. Nígbà tó yí ilà àkọ́kọ́ padà, ọ̀dà aláwọ̀ eérú ló bò ó. Ó ha á. Ọ̀dà náà ń ṣí kúrò ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò tíì gbó, òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ta ló ń kun páànù ilé tó ti wó? Ó ha á sí i, funfun yọ lábẹ́ rẹ̀, funfun àtijọ́ tó ti sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Ó yí ilà kejì padà. Ó yí ẹ̀kẹta. Nígbà tó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìràwọ̀ Gaylen ló wà lórí tábìlì, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì gé e.

Ó jókòó sórí garawa, kò lè sunkún. Irọ́ lè já bọ́ lẹ́nu èèyàn, èyí kọjá bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wá ọ̀dà, ó wá búrọ́ọ̀ṣì, ó dúró, ó fara balẹ̀ kun ìràwọ̀ náà títí kan gbogbo ṣónṣó rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé kolache dání wá kí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun tí àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe.

Norma Jelinek, aládùúgbò tó ń fi ọkọ̀ gbé e lọ ra oúnjẹ, ni Ardith bẹ̀ pé kó gbé òun lọ sóko. Bí wọ́n ṣe bọ́ sójú ọ̀nà eléruku, Norma dẹ eré ọkọ̀ náà.

“Ardith, a rò pé Leland ti sọ fún ẹ ni.”

“Àwọn wo ni ‘a’?”

“Gbogbo wa.”

Abà kò sí níbẹ̀ mọ́. Òkúta ìpìlẹ̀ nìkan ló kù, koríko tútù ti ń yọ láàárín rẹ̀. Leland jáde láti ẹ̀yìn ilé. Bó ṣe rí ilà páànù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúró.

“Àwọn tó ń ra pákó àtijọ́ ló wá, Sísì. Wọ́n ń fi ṣe ògiri òtẹ́ẹ̀lì ní Denver. Wọ́n ní àfi kí àwọn kó o lọ́sẹ̀ yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lo wà.”

“Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O pè mí torí ẹja tó o pa.”

“Wọn ò fẹ́ páànù tó ní ọ̀dà lára, wọ́n dá a padà. Mo rò pé bó bá wà ní géètì, inú ìdílé náà ló ṣì wà. O ò ní mọ̀, kò ní dùn ẹ́.”

“O kùn ún pa, Leland.”

“Mi ò lè máa wò ó.”

“Ká ní o gbé e wá bó ṣe wà, tó o ní o ti ta abà, màá bú ẹ, màá sì yan páì fún ẹ lọ́jọ́ Sunday. Ọwọ́ ara mi lo jẹ́ kí n fi gé e.”

Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn ará Denver kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Ardith láyé.

Ó padà sílé, ó fi ìràwọ̀ náà ṣe àsíá. Ó lè fi iná jó àwọn ilà náà pọ̀ kó sì dán ojú rẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé wọ́n gé e rí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn wọ́n mọ́ pákó bí wọ́n ṣe wà, ó fi àlàfo sáàárín wọn, ó sì fi ọ̀dà eérú tó kù sí ṣónṣó kan sílẹ̀ láìha. Géètì Leland kò ní àsíá títí di òní.

Lọ́jọ́ Ìrántí, gbogbo ìlú wà ní itẹ́ òkú. Àwọn ológun àtijọ́ ti yìnbọn wọn tán, òórùn ẹ̀tù ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Leland ti dé ṣáájú. Ó ti ṣí fìlà, ó ti kúnlẹ̀ sídìí òkúta Gaylen, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ de ọ̀pá.

“Gbé e wá, Sísì. Màá dì í mú.”

Ardith wo ọwọ́ náà. Kò gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn náà ló di àkàbà mú fún Gaylen.

“Dìde, Leland.”

“Sísì, jọ̀ọ́.”

“Dìde nílẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá.”

Leland dìde. Norma fẹ́ wá bá a di ọ̀pá mú, Ardith fọwọ́ dá a dúró. Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá náà mú fúnra rẹ̀, ó fi ọ̀tún gbá hámà, ìbàdí ń ro ó. Kò ṣe méjèèjì pọ̀ rí. Hámà kan bá a lórí ìka, kò pariwo. Nígbà tó parí, ọ̀pá náà tẹ̀ sí apá kan, ìràwọ̀ Gaylen fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Leland kò lè mú un mọ́ra, ó na ọwọ́ láti gbé e dúró.

“Fi sílẹ̀,” Ardith wí. “Bó ṣe rí nìyẹn.”