Aṣọ Opó Nínú Ẹ́ńjìnì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó fojú mi gbolẹ̀ nínú ilé tí wọ́n gbé mi wá ní Ìsàlẹ̀ Èkó. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀wé, wọ́n lè ka èyí. Ẹni tó bá ní ohun rere nìkan ni kí á máa sọ nípa òkú, kó lọ sọ tirẹ̀.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa wakọ̀ ní apá ọ̀tún ni ọkọ mi kú. Ó fi ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan sílẹ̀. Òun ló fi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà ní Marina, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ń lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí mo ti ń kọ́ wọn ní físíìsì. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ mi ló wà nínú ìwé rẹ̀, ohun tó bá sì jẹ́ ti òkú, ẹbí ló máa pín in tó bá di ogójì ọjọ́.

Láàárín ogójì ọjọ́ yẹn, opó kì í jáde. Aṣọ dúdú, ẹní, yàrá, ó parí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní òun ń bá wa wà á kí bátìrì má baà kú.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wọlé bá mi níbi tí mo jókòó sí. "Ìyàwó, ọkọ̀ yẹn ti kú o. Ẹ́ńjìnì ti jóná." Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn ti gun òkè dé ibi pupa, kò sì sọ̀ mọ́, mẹkáníìkì òun ní kò sí àtúnṣe, àfi kí òun gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó wá fi kún un pé tó bá jẹ́ ẹni tó mọ ọkọ̀ wà ló ń wà á tẹ́lẹ̀ ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ abẹ́ fèrèsé mi ló ń gbé ọkọ̀ náà sí, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láràárọ̀ títí di àná. Ẹ́ńjìnì tó jóná kì í dún bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ti fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, mo mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó tó gbé e kọ́, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ nínú aṣọ dúdú mi. Mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, n ò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ gun òkè lọ sí pupa. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì: ó tutù bí omi àmù. Ìkòkò tí a ò tíì gbé ka iná, báwo ló ṣe ń hó?

Nǹkan kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnì, idẹ ni, kò ju àtàǹpàkò lọ, ìdí rẹ̀ wà nínú omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù. Òun ló ń wọn ooru, tó ń fi wáyà ránṣẹ́ sí abẹ́rẹ́. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é lóde òní. Mo yọ wáyà kúrò lórí rẹ̀, mo padà lọ wo abẹ́rẹ́. Ó ti sùn sílẹ̀. Wáyà ò ṣe nǹkan kan, abẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan, ẹ́ńjìnì ò jóná. Idẹ yẹn ló ń purọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ń bá a jẹ́rìí.

Bàbá mi, kápẹ́ńtà ní Pópó Àgùdà, ti kọ́ mi pé irinṣẹ́ kì í béèrè bóyá ọkùnrin ló mú òun. Mo fi sípánà tú idẹ náà. Omi ń tú jáde, n ò sì rí nǹkan kan tí mo lè fi dí ihò. Ni mo bá fa etí aṣọ opó mi ya, mo ká a, mo fi dí i.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ tí mo bá jáde. Mo jáde. Mo gba ẹ̀yìn Tinúbú lọ sọ́jà ní ọ̀sán gangan, nínú dúdú láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn èèyàn ń yà fún mi lọ́nà bí ẹni pé ikú ni mo gbé dání. Àlàájì Ìjẹ̀bú kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ wo idẹ ọwọ́ mi, ó wo aṣọ mi, ó ní ta ló rán mi. Mo ní ara mi ni mo rán. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá irú rẹ̀ jáde, ó gbé méjèèjì síra kí n lè rí i pé wọ́n bára mu. Mo délé, mo fa aṣọ yọ kúrò nínú ihò, mo fi idẹ tuntun sí i, mo dè é, mo bu omi mìíràn dípò èyí tó dànù.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gbọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi kí àwọn ìyàwó ilé yòókù lè gbọ́. "Opó tó ń ná ọjà. Ṣé ọkọ tuntun lo lọ wá ni?"

"Rárá, Bọ̀dá. Ẹlẹ́rìí ni mo lọ wá."

Ogójì ọjọ́ pé, àwọn àgbà ẹbí jókòó ní àgbàlá. Ó ní ọkọ̀ ti kú, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé òkú rẹ̀ kúrò. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí pé kí wọ́n bá mi jókòó síwájú nínú ọkọ̀, kí wọ́n máa wo abẹ́rẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀. Mo so wáyà mọ́ idẹ àtijọ́, mo sì fi idẹ náà kan ara ẹ́ńjìnì.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

"Ó ti dé ibi pupa."

Mo ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìka kan kàn án, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, kí wọ́n tó wá gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e. Wọ́n ní ó tutù. Mo so wáyà mọ́ tuntun, abẹ́rẹ́ sùn. Mo wá gbé bàbá lọ sí Marina, mo gbé wọn padà. Abẹ́rẹ́ ò kọjá àárín. Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tó mọ àìsàn ọkọ̀ náà ni kó máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú àkísà dúdú tí mo fi dí ihò, ó gbé e sókè, ó ní obìnrin tó fi aṣọ ọ̀fọ̀ nu irin ò ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Mo sunkún ọkọ mi ju bí òun ṣe sunkún àbúrò rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sunkún kì í wá irin tó máa tà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Mo gbé e. Kì í ṣe pé mo dárí jì í, n ò dárí jì í títí dòní. Mo kàn fẹ́ kó jókòó nínú ọkọ̀ náà ni. Abẹ́rẹ́ ló ń wò ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí a dé Tinúbú, ó mú ojú kúrò níbẹ̀, ó ní:

"Ìyàwó, mo mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ò ṣe nǹkan kan nígbà yẹn. Ìwọ ni n ò mọ̀."