Íńtánẹ́ẹ̀tì Tí Dádì Mi Ń Pín Bí Ẹran Ọbẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà pín ẹran ọbẹ̀ àti íńtánẹ́ẹ̀tì nínú ilé wa: àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Houston yìí, tí àwọn òbí yín wá kàwé tí wọn ò sì padà sílé mọ́, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ tí a bí ni kò ní gbà gbọ́.

Àdúgbò Third Ward ní Houston là ń gbé nígbà náà, nínú àpátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì kan tó wà lẹ́yìn ilé ìwé gíga tí Dádì ti ń kọ́ nípa afárá ṣíṣe. Mọ́mì ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ láàárọ̀, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Ráṣídì kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń rán mi níṣẹ́, ẹ ó rò pé òun ló bí mi. Bí ìgbà ooru bá dé, ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lójú fèrèsé á máa da omi sínú báàfù tí a gbé sábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa da omi yẹn nù. Bí mo bá gbàgbé, gbogbo kápẹ́ẹ̀tì á tutù, èmi náà á sì tutù tí wọ́n bá bá mi wí tán.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé olówó ni wá. Ti Dádì nìkan ni wọ́n rà ní tuntun. Ti Mọ́mì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ilé ìwé tà ní gbàǹjo. Ráṣídì fúnra rẹ̀ ló to tirẹ̀ jọ. Lọ́dọọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kó kúrò ní àdúgbò wa, wọ́n máa ń da ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdalẹ̀nù bí ẹni tí ogun ń lé: bẹ́ẹ̀dì, àga, fìríìjì kékeré, kọ̀ǹpútà. Dádì á kìlọ̀ fún wa pé ọmọ Mùsùlùmí gidi kì í ṣa nǹkan nílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí Dádì fúnra wọn á wọ jálàbíà, tí wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ lọ sápá ibẹ̀. Èyí tó kù lẹ́yìn tí Ráṣídì ti yọ gbogbo ohun tó dára nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà ló di tèmi. Tí mo bá tàn án, á máa hó bí ìkòkò ẹ̀wà.

Wáyà kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. À ń tú u lára kọ̀ǹpútà kan, à ń so ó mọ́ òmíràn, ìjà ò sì tán. Ni Dádì bá gbé àpótí pẹlẹbẹ kan dé lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ráútà lorúkọ rẹ̀. Wáyà tó ti ìta wá á wọnú rẹ̀, òun á wá pín in fún kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú ihò mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sórí ihò kọ̀ọ̀kan, láti oókan dé ẹẹ́rin. Bí Dádì ṣe rí nọ́ńbà wọ̀nyí, ojú wọn tàn. Wọ́n ní ẹ ò rí i, òyìnbó náà mọ̀ pé àgbà wà.

Bí wọ́n ṣe ki wáyà tiwọn bọ ihò kìn-ín-ní nìyẹn. Ti Mọ́mì wọ ihò kejì, ti Ráṣídì wọ ẹ̀kẹta, tèmi ló kẹ́yìn. Nínú ọkàn mi, mo rí íńtánẹ́ẹ̀tì bí àwo ẹran. Á kọ́kọ́ dé iwájú Dádì, wọ́n á mú èyí tó tóbi. Mọ́mì á mú tiwọn, Ráṣídì á ṣa egungun tó ní mùdùnmúdùn, nígbà tó bá máa fi kàn mí, omi ọbẹ̀ ló kù. Tí àwòrán èèyàn bá fẹ́ ṣí lójú kọ̀ǹpútà mi, irun orí ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Kó tó dé ọrùn, mo ti fọ abọ́ tán. Kó tó dé bàtà, wọ́n ti ní kí n wá sùn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Ráṣídì, tó ti di onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wá sọ fún mi pé ihò kan kò ju ìkan lọ, pé ibi tó wu èèyàn ló lè ki wáyà rẹ̀ bọ̀. A ò tíì rí ẹni tó máa sọ fún Dádì títí di òní.

Ìyà ilé wa náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, tí èèyàn bá ṣẹ̀, á kúnlẹ̀, á nawọ́ sókè, á kojú sí ògiri. Lẹ́yìn tí ráútà dé, Dádì á kàn yọ wáyà ẹni, wọ́n á ká a, wọ́n á fi kọ́ ara ìkọ́ tí tẹ̀sùbáà wọn máa ń wà. Wọ́n gba tèmi nítorí pé ìrẹsì jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n tún gbà á nítorí pé mo kí àlejò lóòró. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kúkú kúnlẹ̀, ó ti mọ́ orókún mi lára.

Nígbà tí Àlájà, ìyá tó bí Dádì, wá kí wa láti Ìṣẹ́yìn, àwọn wáyà yìí ló kọ́kọ́ dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn wáyà náà gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí yàrá, lọ sí ìdí tábìlì ìjẹun. Àlájà á gbé ìró wọn sókè díẹ̀, wọ́n á ní “Bísímílà” kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kọjá ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá fẹ́ lọ tọ̀, Bísímílà tó máa jáde ju ti àkókò oúnjẹ lọ. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà, wọn ò sì béèrè. Ọ̀rọ̀ ihò kìn-ín-ní ni wọ́n ní kí Dádì ṣàlàyé fún àwọn, Dádì sì fi ayọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe ń lọ láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Àlájà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó dáa.

Ìdánwò kan wà ní ilé ìwé Mọ́mì tí wọ́n ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìwé ti sọ fún wọn pé bí wọ́n bá tún fìdí rẹmi, kí wọ́n gbàgbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. A mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mọ́mì á máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ lọ títí ayé, àwa náà á sì máa da omi báàfù nù. Gbogbo oṣù yẹn ni wọ́n ń gbé ìwé ti ara ìkòkò, wọ́n ń fi ọwọ́ kan yí dòdò padà, wọ́n ń fi ìkejì ṣí ojú ewé. Èmi ni mò ń mú ìwé dání láti bi wọ́n ní ìbéèrè. Mo mọ orúkọ egungun ara ju orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni ìdánwò náà bọ́ sí, wọ́n sì ní kí oníkálukú ṣe é lórí kọ̀ǹpútà láti ilé rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, aago kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Dádì ṣe òfin: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Àwọn fúnra wọn ló yọ wáyà èmi àti Ráṣídì ní àárọ̀, wọ́n fi kọ́rùn bí ẹ̀gbà, wọ́n ń yan kiri. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fọ abọ́ kí ariwo má baà wà. Òfin yẹn nìkan ni mo fẹ́ràn nínú gbogbo òfin tí Dádì ṣe rí.

Mọ́mì jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, wọ́n we gèlè kékeré bí ẹni tó ń lọ jà. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ jáde, Mọ́mì dáhùn. Wọ́n wá tẹ èyí tó kàn, kò jáde. Wọ́n dúró. Wọ́n tún un tẹ̀. Ìbéèrè náà ń bọ̀ bí ìgbà tí èmi ń wo àwòrán, ìlà kan, ó dúró, ìlà mìíràn, ó tún dúró, bẹ́ẹ̀ aago tó wà lókè ojú kọ̀ǹpútà náà ń lọ ní tirẹ̀.

Dádì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé èmi àti Ráṣídì lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n wọ yàrá wa, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá Ráṣídì ní wáyà mìíràn tó fi pamọ́. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orí kọ̀ǹpútà mi, bí wọ́n ṣe máa ń wò bóyá ibà ń ṣe wá. Ráṣídì fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó panu mọ́. Mo yọjú wo Mọ́mì, mo rí i pé wọ́n ń tẹ bọ́tìnì kan náà léraléra. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò tíì rí kí ìyá mi dààmú tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, tí wọ́n fẹ̀yìn rin mọ́tò bọ́ sí ojú fírí-wéè, títì ńlá tí mọ́tò ti ń sáré.

Àárín rògbòdìyàn yìí ni Àlájà jáde láti yàrá Dádì, níbi tí wọ́n ti lọ kírun àílà. Wọ́n béèrè pé ta ló wà nídìí kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá, nítorí pé iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú kíákíá, ó ń kùn bí ẹni tó ń jẹun. Dádì ní kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ráṣídì sáré wọlé lọ wò ó. Nígbà tó jáde, kò mọ ibi tó máa kojú sí.

“Dádì, wáàsì ni, sà. Wáàsì yín ló ń download.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni Dádì ti ní kí kọ̀ǹpútà wọn máa gbé wáàsì gbogbo oṣù Ààwẹ̀ kan wọlé, wáàsì tí àlùfáà kan ṣe nílé ní Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ tí ìyàwó ní lórí ọkọ. Wọ́n dìde kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n sì gbà pé bí olóhun ò bá ti jókòó tì í, ẹ̀rọ náà ti sinmi nìyẹn. Wọ́n bojú wo ilẹ̀. Wọ́n wá ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pé tí a bá já a báyìí, ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kí Mọ́mì ṣe sùúrù díẹ̀.

Mọ́mì ò gbójú sókè. Ohùn wọn rọ̀ gan-an.

“Bàbá Ráṣídì, ẹ jọ̀ọ́. Time ń lọ.”

Ẹ mọ ilé wa. Èmi àti Ráṣídì ò jẹ́ fọwọ́ kan wáyà Dádì láé. Mọ́mì náà kì í sì í fọwọ́ kan nǹkan ọkọ wọn láì gbàṣẹ. Àlájà ló wá jókòó sórí àga, wọ́n tún ìbòrí wọn ṣe.

“Múfútàú, nínú èmi àti ìwọ, ta ló bí ẹnì kejì?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ta ló wá ni ihò kìn-ín-ní inú ilé yìí?”

Dádì bojú wo ráútà. Àlájà dá ara wọn lóhùn.

“Èmi ni mo ni ín, mo sì fi ta ìyàwó mi lọ́rẹ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Lọ yọ nǹkan rẹ.”

Dádì fọwọ́ ara wọn yọ ọ́. Wọ́n rọra fà á jáde bí ẹni tó ń fa eyín ọmọ, wọ́n sì gba wáyà Mọ́mì, wọ́n fi bọ ihò kìn-ín-ní, nítorí pé àṣẹ ìyá wọn ni. Ìbéèrè tó kù ya wọlé. Mọ́mì ń dáhùn wọn lọ títí wọ́n fi tẹ ìkẹyìn. Nígbà tí èsì jáde pé wọ́n yege, Mọ́mì kúnlẹ̀ síwájú Àlájà, wọ́n sunkún, gèlè wọn jábọ́, èmi náà sunkún láìmọ ìdí rẹ̀. Dádì wọ kíṣìnì lọ, wọ́n din dòdò fún wa. Ó jó díẹ̀, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àlájà ti lọ, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mọ́mì di nọ́ọ̀sì, èmi sì di apòògùn. Fulshear, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Houston, là ń gbé báyìí, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì wa kò ní wáyà, kò sẹ́ni tí í gbé ìró sókè láti kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yá bí àṣá. Oníkálukú wà nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnì kankan. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní parọ́. Mi ò lè padà sídìí kọ̀ǹpútà tó ń hó bí ẹ̀wà.

Ṣùgbọ́n ní àìpẹ́ yìí, èmi náà ṣe ìdánwò kan fún iṣẹ́ mi, nínú yàrá òkè, láti ilé. Ìbéèrè ń jáde kí n tó gbọ́wọ́ kúrò. Mo yege. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá, mo dúró láàárín pálọ̀. Ọkọ mi ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ wà nínú yàrá, ìlẹ̀kùn wọn sì wà ní títì. Mo ti dárúkọ ìdánwò náà fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn ti gbàgbé. Ọkọ mi ní ṣé mo ti jí lójú oorun ọ̀sán.

Mo pe ìyá mi, tí mo ti sọ ọjọ́ ìdánwò náà fún tẹ́lẹ̀. Fóònù ò dún tán tí wọ́n fi gbé e. Wọn ò kí mi, wọ́n ní kí ni èsì ìdánwò náà wí. Mo ní mo yege. Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì kígbe sí inú ilé.

“Bàbá Ráṣídì, ó ti yege o. Ẹ bá mi gbé oúnjẹ mi wá.”

Dádì dáhùn láti òkèèrè pé àwọn ti gbé e kaná, pé àwọn náà ò tíì jẹun láti àárọ̀.